Ohun Tí Ọwọ́ Mi Ti Kọ́ Nídìí Oúnjẹ Alẹ́ Mẹ́síkò

Àwọn tó bá fẹ́ se oúnjẹ Mẹ́síkò lálẹ́, ẹran ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ rò. Wọ́n á ra ẹran lílọ̀, wọ́n á da èròjà inú páálí sí i, wọ́n á bu wàràkàṣì lé e lórí, wọ́n á wá máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí ọbẹ̀ náà kò rí bó ṣe yẹ kó rí. Ẹran kọ́ ló ń gbé oúnjẹ yìí ró. Nǹkan mẹ́ta ló ń gbé e: tortilla (búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n sábà máa ń fi àgbàdo ṣe) tó gbóná tó sì rọ̀, salsa (ọbẹ̀ ata lílọ̀) tí wọ́n ti dín, àti ẹ̀wà tó jinná dé inú. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti wà nílẹ̀, oúnjẹ alẹ́ kì í gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Bí wọn ò bá sí, wákàtí méjì lè máà tó.

Ní Mẹ́síkò fúnra rẹ̀, oúnjẹ ọ̀sán tí wọ́n ń pè ní comida ló wúwo jù, nǹkan bí aago méjì sí mẹ́rin ni wọ́n sì sábà máa ń jẹ ẹ́. Oúnjẹ alẹ́ wọn, cena, máa ń fúyẹ́: quesadilla (tortilla tí wọ́n ká mọ́ wàràkàṣì) méjì, tostada (tortilla tó gan) kan tàbí méjì, búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹ̀wà ra lójú, tàbí ohun tó ṣẹ́ kù lọ́sàn-án tí wọ́n dọ́gbọ́n sọ di nǹkan mìíràn. Èyí ló mú kí n máa sọ pé oúnjẹ alẹ́ wọn rọrùn. Kì í ṣe pé iṣẹ́ inú rẹ̀ kéré, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ náà sílẹ̀ ni. Ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ se ìkòkò ẹ̀wà kan, ẹ lọ salsa oríṣi méjì. Láwọn alẹ́ tó tẹ̀ lé e, títò ló kù.

Tex-Mex, ìyẹn oúnjẹ Mẹ́síkò bí wọ́n ṣe ń sè é ní Texas nílẹ̀ Amẹ́ríkà, náà ní àyè tirẹ̀. Taco (tortilla tí wọ́n ká mọ́ oúnjẹ) tí tortilla rẹ̀ le gbagidi, wàràkàṣì aláwọ̀ ìyeyè, èròjà kúmínì rẹpẹtẹ àti chili con carne (ọbẹ̀ ata ẹlẹ́ran), Texas ni gbogbo wọn ti gbilẹ̀. Nachos ní tirẹ̀ wá láti Piedras Negras, ìlú ẹnubodè kan ní ìpínlẹ̀ Coahuila, lọ́wọ́ Ignacio Anaya ní àwọn ọdún 1940. Nacho ni wọ́n máa ń gé orúkọ Ignacio sí. Mi ò bá ìkankan nínú wọn jà. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ kí ọbẹ̀ rẹ̀ dà bíi ti inú ilẹ̀ Mẹ́síkò ní láti fa ọwọ́ kúmínì sẹ́yìn: fún ìkòkò tí ènìyàn mẹ́rin máa jẹ, ìdá mẹ́rin ṣíbí kékeré ti tó. Bó bá ti ju ìyẹn lọ, òun nìkan ni ẹnu á máa mọ̀.

Kí n tó tẹ̀ síwájú: ife tí mò ń sọ gba mìlílítà 240, ṣíbí ńlá gba 15, ṣíbí kékeré gba 5.

Tortilla

Masa harina ni ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń ṣe tortilla àgbàdo, kì í sì í ṣe ìyẹ̀fun àgbàdo lásán. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Wọ́n ti fi omi àti cal, ìyẹn ẹfun tí kẹ́míkà rẹ̀ ń jẹ́ calcium hydroxide, se àgbàdo náà, wọ́n rẹ ẹ́ mọ́jú, wọ́n fọ èèpo rẹ̀ kúrò, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Cal ló ń bó èèpo àgbàdo, òun ló ń jẹ́ kí masa, ìyẹn ìyẹ̀fun náà tí wọ́n ti pò, so mọ́ra, òun náà ló sì ń jẹ́ kí ara ènìyàn lè rí niacin (fítámì B3) inú àgbàdo lò. Bí ẹ bá fi ìyẹ̀fun tí kò gba inú cal kọjá ṣe é, ẹ lè máa pò ó títí ilẹ̀ á fi ṣú, yóò kàn máa fọ́ wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ yín ni. Ẹ ka ara páálí. Bí kò bá sí orúkọ masa harina lára rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀.

Fún tortilla 16, masa harina ife 2 (nǹkan bí 240 gíráàmù), omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ife 1½, iyọ̀ ìlàjì ṣíbí kékeré. Ẹ pò ó fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ fi aṣọ tútù bò ó, ẹ jẹ́ kó sinmi fún 20 ìṣẹ́jú kí ìyẹ̀fun lè mu omi yó. Lẹ́yìn náà, ẹ mú díẹ̀, ẹ ṣù ú, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Bí etí rẹ̀ bá sán, omi kò tó. Ẹ fi ṣíbí ńlá kan kún un kí ẹ tún un pò. Bó bá ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ìyẹ̀fun ni kó gbà. Mi ò tíì rí ìwọ̀n omi kan tó bá gbogbo masa harina mu, torí náà ìka ọwọ́ ni kí ẹ gbà gbọ́ ju ife lọ.

Ẹ ṣù ú ní gíráàmù 35 sí 40. Ẹ gé ọ̀rá ike tó nípọn sí méjì, ẹ fi ìṣù náà sáàárín, ẹ fi ẹ̀rọ ìtẹ tortilla tàbí ìdí ìkòkò tó wúwo tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 14. Páànù onírin tó wúwo ni kí ẹ lò, comal ni wọ́n ń pe tiwọn. Kí ó gbóná gan-an, ẹ má sì fi òróró sí i. Ojú àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú-àáyá 20, ẹ yí i. Ojú kejì, nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, títí àmì pípọ́n á fi yọ káàkiri. Ẹ tún yí i padà. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 20 ó yẹ kó wú. Bí kò bá wú, ó ṣeé ṣe kí páànù má gbóná tó, kí masa ti gbẹ jù, tàbí kí ẹ ti jẹ́ kó pẹ́ jù lójú àkọ́kọ́ tí awọ rẹ̀ fi le kí ategùn inú rẹ̀ tó gbéra. Èyí tí kò wú ṣeé jẹ, ó kàn nípọn lẹ́nu ni.

Bí tortilla ṣe ń kúrò lórí iná, ẹ máa kó wọn jọ sínú aṣọ mímọ́, kí ẹ sì bò wọ́n fún ìṣẹ́jú 10. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ tààrà láti orí páànù máa rò pé òun ti bà á jẹ́, torí pé ó ṣì le. Ooru ara wọn nínú aṣọ náà ló ń parí iṣẹ́.

Èyí tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá náà dára, òun ni mo sì ń lò láwọn alẹ́ tí àyè kò bá sí. Àmọ́ ẹ má fi tortilla tútù wé nǹkan láé. Bó bá ti tutù, sítáàṣì inú rẹ̀ á le, á sì ya ní ìlà ibi tẹ́ ẹ bá ti ká a. Ìṣẹ́jú-àáyá 30 lójú kọ̀ọ̀kan lórí páànù gbígbóná ti tó. Bí ó bá ti gbẹ díẹ̀, ẹ fi ìka tó lómi pa á lójú kí ó tó kan irin. Tortilla fùláwà ní tirẹ̀ jẹ́ ti ìhà àríwá, Sonora, Chihuahua, Nuevo León àti agbègbè wọn. Ó dára fún burrito (tortilla ńlá tí wọ́n fi wé oúnjẹ) àti quesadilla, ṣùgbọ́n kò dára fún enchilada, tortilla tí wọ́n ká sínú ọbẹ̀ ata: nínú ọbẹ̀, ńṣe ló máa ń rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀ bíi búrẹ́dì tó ti já sómi.

Ata gbígbẹ ló ni ọbẹ̀ pupa

Oríṣi mẹ́ta kì í wọ́n mi nílé. Guajillo pupa, ó gùn, awọ rẹ̀ ń dán, kò ta púpọ̀. Àwọ̀ ló ń fún ọbẹ̀. Ancho ni poblano tó pọ́n tí wọ́n sá gbẹ. Ó fẹ̀, ó dúdú, ó hunjọ, adùn rẹ̀ sì sún mọ́ ti èso gbígbẹ. Chipotle ni jalapeño pípọ́n tí wọ́n fi èéfín gbẹ, inú agolo ni mo ti ń rà á, nínú ọbẹ̀ adobo tó ti ń lúwẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kó ta sí i lè fi chile de árbol kan tàbí méjì kún un.

Ẹ tẹ ata náà wò nígbà tẹ́ ẹ bá ń rà á. Ó yẹ kó tẹ̀ bí awọ. Èyí tó bá ń rún lọ́wọ́ ti pẹ́ jù, adùn rẹ̀ ti lọ.

Ẹ gé orí rẹ̀, ẹ gbọn kóró inú rẹ̀ dànù, ẹ là á kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ gbé páànù gbígbẹ ka iná tí kò pọ̀ jù, ẹ tẹ ata mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 15 lójú kọ̀ọ̀kan. Òórùn rẹ̀ á jáde, àwọ̀ inú rẹ̀ á yí díẹ̀. Kíá, ẹ yọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ọbẹ̀ pupa tó bàjẹ́, ibí ló ti bàjẹ́, kì í ṣe nínú ìkòkò. Bí ata bá ti dúdú tí èéfín sì ń tú jáde lára rẹ̀, ó ti jó, kíkorò rẹ̀ kò sì ní kúrò mọ́. Ṣúgà kò ní bò ó, tòmátì kò ní bò ó. Ẹ dà á nù, ẹ mú òmíràn. Ata mẹ́fà kò tó ohun tí ènìyàn ń ṣírò lẹ́gbẹ̀ẹ́ odindi ìkòkò ọbẹ̀. Kí ẹ sì ti ṣí fèrèsé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí ategùn rẹ̀ máa ń mú gbogbo ilé húkọ́.

Ẹ fi omi gbígbóná rẹ ata náà fún 20 ìṣẹ́jú, ẹ tọ́ omi náà wò. Bó bá korò, ẹ dà á sọnù. Fún tortilla 12, ìwọ̀n tí mo dúró lé lórí ni guajillo 6, ancho 2, ááyù hóró 2, ìdá mẹ́rin àlùbọ́sà, oregano Mẹ́síkò ìlàjì ṣíbí kékeré, iyọ̀ ṣíbí kékeré 1, àti omi adìyẹ mìlílítà 500. (Oregano Mẹ́síkò kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ti Yúróòpù, igi mìíràn ni, òórùn rẹ̀ sì le ju ti èkejì lọ.) Ẹ lọ̀ ọ́ fún odindi ìṣẹ́jú méjì, ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Ẹ má fo sísẹ́ yìí: awọ guajillo kì í rọ̀, ẹ̀rọ tó lágbára pàápàá máa ń ṣẹ́ ẹ kù, á sì máa há sí ọ̀fun.

Lẹ́yìn náà ni dídín. Bí mo bá ní láti mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mo ti kọ́ nídìí oúnjẹ yìí, dídín salsa ni màá mú. Ẹ gbé ìkòkò tí etí rẹ̀ ga kaná, ẹ da òróró ṣíbí ńlá 2 sí i, kó gbóná dé ibi tí ẹ̀kán ọbẹ̀ kan á fi dún ṣíì nígbà tó bá kàn án. Ẹ da gbogbo rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀ torí ó máa ta pàrà. Ẹ máa rò ó fún ìṣẹ́jú 8 sí 10. Omi inú rẹ̀ á fà, àwọ̀ rẹ̀ á jìn sí i, òróró á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ létí, òórùn tútù ti ata àti ááyù á sì kúrò. Salsa tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n kàn gbé gbóná ṣì jẹ́ omi ata. Èyí tí wọ́n dín ti di ọbẹ̀.

Ti salsa verde, èyí tó ní àwọ̀ ewé, kò gba agbára tó bẹ́ẹ̀. Tomatillo ni wọ́n fi ń ṣe é, èso tí èèpo rẹ̀ dà bíi bébà, tí ara rẹ̀ sì ń lẹ̀. Kì í ṣe tòmátì tí kò tíì pọ́n. Ẹ bó gíráàmù 500, ẹ fọ lílẹ̀ ara rẹ̀ kúrò, ẹ se é pẹ̀lú ata serrano méjì fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 8. Bí àwọ̀ ewé rẹ̀ bá ti ṣú, tó sì rọ̀, ẹ yọ ọ́ kí ó tó bẹ́. Èyí tó bá bẹ́ sínú omi ti fi adùn rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú ááyù hóró kan, ìdá mẹ́rin àlùbọ́sà àti iyọ̀ ṣíbí kékeré kan. Ìparí ni kí ẹ da ẹ̀kúnwọ́ cilantro (ewé coriander) sí i, kí ẹ̀rọ sì yí lẹ́ẹ̀mẹta péré. Bí ó bá kan jù, ẹ dín in fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ó bá dì bíi jẹ́lì nínú fíríìjì, kò bàjẹ́ o, pectin inú tomatillo ló ṣe bẹ́ẹ̀. Omi díẹ̀ á tú u.

Lórí títa ata: jalapeño wà láàárín 2,500 sí 8,000 lórí òṣùwọ̀n Scoville, serrano láàárín 10,000 sí 23,000, nítorí náà ẹ má pààrọ̀ wọn ní ọ̀kan sí ọ̀kan. Fọ́nrán funfun tó so kóró mọ́ra ni títa náà wà jù, kì í ṣe nínú kóró. Bí ọwọ́ bá ń ta yín, omi lásán kò ní ràn yín lọ́wọ́, torí capsaicin, ohun tó ń mú ata ta, kì í yòrò nínú omi. Ẹ fi òróró pa á, lẹ́yìn náà ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.

Ẹ̀wà

Ẹ̀wà dúdú ni wọ́n ń jẹ jù ní ìhà gúúsù Mẹ́síkò, èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú ni wọ́n fẹ́ràn ní àríwá. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà se méjèèjì. Ẹ ṣa gíráàmù 500, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ da omi lítà 2½ sí i pẹ̀lú ìlàjì àlùbọ́sà, ááyù hóró 2, àti ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tàbí òróró ṣíbí ńlá 1. Ewé epazote kan yẹ ẹ̀wà dúdú bí ẹ bá rí i. Kó hó, kí ẹ wá dín iná kù kó máa hó wẹ́ẹ́rẹ́ fún wákàtí 1½ sí 2½. Omi gbọ́dọ̀ ga ju ẹ̀wà lọ ní gbogbo ìgbà, gbígbóná sì ni kí ẹ máa fi kún un.

Àríyànjiyàn iyọ̀ kò tán nílẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀wà bá ti ń rọ̀ ni mo ń da ṣíbí kékeré 2 sí i, àmọ́ iyọ̀ kọ́ ni ọ̀tá. Ohun kíkan ni ọ̀tá: tòmátì, ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà tó bá wọ inú ìkòkò ṣáájú àkókò á jẹ́ kí awọ ẹ̀wà le títí alẹ́. Ẹ̀wà tó ti pẹ́ ju nínú àpò náà kì í rọ̀, kò sí ọgbọ́n tí ènìyàn lè dá sí i. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀wà pupa ńlá tó rí bíi kíndìnrín ni ẹ ní, ẹ jẹ́ kó hó kíkankíkan fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó dín iná kù. Májèlé kan wà nínú rẹ̀ tí iná jẹ́ẹ́jẹ́ kì í pa, ìdí nìyẹn tí ìkòkò iná mànàmáná tó ń se nǹkan díẹ̀díẹ̀ kò fi dára fún un.

Fún refritos, ìyẹn ẹ̀wà títẹ̀ tí wọ́n dín, ẹ fi ọ̀rá tàbí òróró ṣíbí ńlá 3 dín ìlàjì àlùbọ́sà títí etí rẹ̀ á fi pọ́n, ẹ da ẹ̀wà ife 3 àti omi rẹ̀ ife 1 sí i, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń hó. Orúkọ yẹn kò túmọ̀ sí pé wọ́n dín in lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń sọ pé wọ́n dín in dáadáa ni. Ẹ gbé e kalẹ̀ nígbà tó bá ṣì ń ṣàn díẹ̀, torí bó bá tutù á le sí i.

Ohun tí ẹ lè gbé kalẹ̀ lálẹ́

Èyí tó yá jù tí mo mọ̀ ni enfrijoladas. Ẹ̀wà ife 2, omi rẹ̀ ife 1, chipotle ẹyọ kan, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ fi òróró ṣíbí ńlá kan dín in fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ ti tortilla mẹ́jọ tó gbóná bọ inú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ẹ ká a sí mẹ́rin, ẹ fi kírímù, wàràkàṣì rírún àti àlùbọ́sà tútù sí i. Ó tán.

Molletes náà kò ní wàhálà. Ẹ la búrẹ́dì bolillo sí méjì, ẹ yọ díẹ̀ nínú inú rẹ̀ tó rọ̀, ẹ yan án díẹ̀ kó lè gbé ẹ̀wà dúró, ẹ fi refritos pa á, ẹ bu wàràkàṣì lé e, kí ó wọ ààrò tó gbóná dé 200°C títí wàràkàṣì á fi yọ́. Pico de gallo ló ń bá a lọ: tòmátì 3, ìdá mẹ́rin àlùbọ́sà, serrano 1, cilantro, iyọ̀, omi ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹ fi iyọ̀ sí tòmátì náà, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ sì da omi tó bá sun jáde nù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ búrẹ́dì á rin gbindin.

Quesadilla, ohun tó ń bà á jẹ́ ni wàràkàṣì tí kì í yọ́ dáadáa. Ti Oaxaca tó ń fà bí okùn ni wọ́n ń lò. Mozzarella tí omi rẹ̀ kéré ló sún mọ́ ọn jù. Iná kékeré, kí inú lè yọ́ kí ẹ̀yìn tó jó. Nílùú Mexico City, wọ́n lè bi yín bóyá ẹ fẹ́ kí wàràkàṣì wà nínú quesadilla yín, ohun tó máa ń bí àwọn ará ìlú yòókù nínú gan-an.

Tinga de pollo, láti Puebla, ni mo máa ń sọ fún ẹni tó fẹ́ fi ẹyọ ọbẹ̀ kan jẹun alẹ́ méjì. Ẹ se itan adìyẹ gíráàmù 600 pẹ̀lú ewé laurel (bay leaf), ìdá mẹ́rin àlùbọ́sà àti iyọ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 25, ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀ nínú omi rẹ̀ kó má bàa gbẹ, kí ẹ tó fi ọwọ́ ya á tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ gé àlùbọ́sà ńlá méjì ní ìlà, ẹ dín in fún ìṣẹ́jú 8; àlùbọ́sà ni adùn mímú inú tinga, ẹ má ṣahun rẹ̀. Ẹ lọ tòmátì gíráàmù 500 pẹ̀lú chipotle 2, adobo inú agolo ṣíbí ńlá 1, ááyù 1 àti omi adìyẹ ìlàjì ife, ẹ dà á lé àlùbọ́sà, ìṣẹ́jú 10. Ẹ da adìyẹ sí i, ìṣẹ́jú 10 mìíràn, láìbò ó. Bí ẹ bá fi ṣíbí ya ìdí ìkòkò, kí omi má sáré padà síbẹ̀. Tinga tó lómi á sọ tostada di rírọ̀ kó tó dé ẹnu. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà ṣe pàtàkì: refritos fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń kọ́kọ́ wà lórí tostada, òun ló ń di tinga mú, tí kì í sì í jẹ́ kí omi kàn án, lẹ́yìn náà tinga, létùùsì, kírímù, wàràkàṣì.

Enchilada, tí ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù, kò le bí salsa pupa bá ti wà nílẹ̀. Ẹ da òróró díẹ̀ sínú páànù, ẹ ti tortilla àgbàdo bọ̀ ọ́, ìṣẹ́jú-àáyá 5 lójú kọ̀ọ̀kan, kó rọ̀ láìgan. Òróró yìí ló ń dènà ọbẹ̀ kó má bàa wọ inú tortilla kó sì tú u. Kí ó wọ inú salsa gbígbóná, kí ó wọ àwo, ẹ fi adìyẹ yíya ṣíbí ńlá 2 sí i, ẹ ká a, kí ojú àpapọ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ẹ bu salsa lé e, ẹ gbé e kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mi ò fara mọ́ fífi í sínú ààrò fún ìlàjì wákàtí. Ńṣe ló ń di àṣáró níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí wàràkàṣì yọ́, ìṣẹ́jú 8 ti tó.

Nígbà tí kò bá sí tortilla, sopa de fideo wà. Ẹ dín fideo gíráàmù 200, ìyẹn nudu tín-ínrín kúkúrú, nínú òróró ṣíbí ńlá 2 fún ìṣẹ́jú 4 sí 5, ẹ máa rò ó láìdúró. Díẹ̀ tó bá jó á mú gbogbo rẹ̀ korò. Ẹ da tòmátì 3 tí ẹ ti lọ̀ pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ááyù sí i, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 3 ẹ da omi adìyẹ lítà 1¼, ìṣẹ́jú 10. Ó máa ń mu omi síwájú sí i bó bá dúró, ẹ fi omi díẹ̀ pa mọ́.

Ìrẹsì pupa ń tẹ̀ lé ìlànà kan náà. Ẹ fọ ìrẹsì ife 1 títí omi rẹ̀ á fi mọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa nínú asẹ́, ẹ dín in fún ìṣẹ́jú 6 sí 8 títí hóró rẹ̀ á fi máa dún sára páànù bíi yanrìn. Tòmátì lílọ̀ ife 1, omi adìyẹ ife 1¼, iyọ̀. Bó bá ti hó, ẹ bò ó, iná tó kéré jù, ìṣẹ́jú 16, kí ẹ pa iná, kó sinmi fún 10 láìṣí i. Ìrẹsì tó lẹ̀ papọ̀, ẹni tó sè é rò ó lẹ́yìn tí omi wọ inú rẹ̀ ni, tàbí kò jẹ́ kó gbẹ kó tó dín in.

Guacamole kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀: píà 3 tó rọ̀, àlùbọ́sà gígé ṣíbí ńlá 2, serrano 1, cilantro, iyọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi iyọ̀ gún àlùbọ́sà àti ata pọ̀ kí píà tó dé, molcajete (odó olókùúta wọn) tàbí ẹ̀yìn ṣíbí ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì fi àwọn ìṣùpọ̀ kan sílẹ̀. Ẹ̀rọ ìlọta máa ń sọ ọ́ di ìpara. Kó má bàa dúdú, ẹ tẹ ọ̀rá mọ́ ojú rẹ̀ gan-an kí afẹ́fẹ́ má rí àyè. Kóró píà tí wọ́n máa ń tì sáàárín rẹ̀ kò dá ohunkóhun dúró ju ibi tó jókòó lé lọ.

Salsa pupa tí ẹ ti dín máa ń dára fún ọjọ́ márùn-ún nínú fíríìjì, oṣù mẹ́ta nínú fírísà. Agolo chipotle kan pọ̀ ju ohun tí oúnjẹ kan nílò: ẹ to èyí tó kù sórí àwo níkọ̀ọ̀kan, kí wọ́n dì, kí ẹ tó kó wọn sínú ọ̀rá, kó lè rọrùn láti yọ ẹyọ kan. Tortilla tó bá ti gbẹ kò yẹ fún jíjù nù. Ẹ fi òróró díẹ̀ pa á, kó wọ ààrò 180°C fún ìṣẹ́jú 12 sí 15, ẹ ti ní tostada. Tàbí kí ẹ gé e ní igun mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ dín in kó gan, ẹ dà á sínú salsa verde tó ń hó fún ìṣẹ́jú kan péré, chilaquiles ti dé. Òwúrọ̀ ni wọ́n sábà máa ń jẹ ẹ́ ní Mẹ́síkò, àmọ́ mo ti rí i pé ó dára lálẹ́ náà, bí wọ́n bá jẹ ẹ́ kí etí rẹ̀ tó rọ̀.